Ẹ KA OJÚ OWÓ KÍ Ẹ TÓ KA IYE RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa

 

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tí yóò ṣe ọmọ ìlú ní àǹfààní, a rò ó lọ, a rò ó bọ̀. Ní ti iná, ní ti omi, ní ti ọ̀nà títì, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ ti sọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Olùkọ́ ni wá. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ìwé kíkà náà ni a tún bá wá lónìí, ṣùgbọ́n ìwé tí a fẹ́ kà kì í ṣe ti tákàdà; ti fàdákà ni.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ìwé àti fún owó: a ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Ṣùgbọ́n bí owó bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, iye rẹ̀ nìkan ni a máa ń kà. Ta ni nínú wa tí í dúró ka ohun tí a kọ sí i lára? Ohun tí a wá bẹ̀ yín sí nìyẹn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín kí a tó jókòó.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Ọmọ yìí ti jókòó níwájú wa nínú kíláàsì nígbà kan rí. Ó ní ẹ̀rọ kan tí ń dún bí irin tàbí fàdákà bá wà nínú ilẹ̀, ó sì ti di àṣà rẹ̀ láti máa gbé e rìn kiri inú oko ní ọjọ́ Sátidé. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tí ó ni ilẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn lórí ohun tí ó bá rí. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà dún. Ó wa ilẹ̀, kò sì wà á jìn rárá, ni ó bá rí ẹyọ owó kan tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi wá: kí ni èyí? Èló ni wọ́n lè rà á? Ṣé kí òun fọ̀ ọ́ kí ó lè dán? Ó wá fi ẹ̀jẹ́ kan lé e pé, bí ó bá jẹ́ pé owó ńlá ni, òun yóò tà á, òun yóò sì fi owó náà kan òrùlé yàrá ìkàwé tí ẹgbẹ́ wa ń kọ́ lọ́wọ́.

Ìròyìn náà ti tàn kálẹ̀ ìlú kí a tó dáhùn. Àwọn kan ní ìṣúra ọba ni, wọ́n sì ti ń fi ojú inú rí páànù lórí yàrá ìkàwé. Àwọn kan ní ayédèrú ni, pé àwọn oníjìbìtì ni ó rì í mọ́lẹ̀. Ìbéèrè kẹta ni a kọ́kọ́ dáhùn, kíákíá ni a sì dáhùn rẹ̀: má ṣe fọ̀ ọ́! Ìdí tí a fi yára bẹ́ẹ̀, ẹ óò gbọ́ ọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí. Lẹ́yìn náà ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó náà pẹ̀lú rẹ̀, bí a ti ń kọ́ ọmọ ní A, B, D.

A kọ́kọ́ ní kí ó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá rí owó àtijọ́ tí kò mọ̀, òṣùwọ̀n ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ojú lè tan ènìyàn jẹ. Òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà dára fún èyí. Owó tí ọmọ wa rí wọn gíráàmù 6.4, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 27, kò tó ìdérí ìgò. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí àwọn owó fàdákà tí ilẹ̀ Spéènì rọ ní Amẹ́ríkà ní ìdílé, wọ́n sì ní ìwọ̀n. Àgbà wọn ni owó réàlì mẹ́jọ, tí a tún ń pè ní pésò: ó wọn gíráàmù 27, ìbú rẹ̀ sì tó mìlímítà 38 sí 40. Ìdajì rẹ̀ ni réàlì mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni réàlì méjì, tí ó wọn gíráàmù 6.77 nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni réàlì kan àti ìdajì réàlì. Gíráàmù 6.4 bá réàlì méjì tí ọwọ́ ti pa díẹ̀ lára mu.

Ìkejì, a ní kí ó mú òòfà sún mọ́ ọn. Òòfà kì í fa fàdákà. Bí ó bá fà á, irin wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Èyí kò fà á. Ṣùgbọ́n òòfà kì í fa òjé, idẹ tàbí bàbà náà, nítorí náà a fi omi kún ẹ̀rí. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ lè fi èyí han àwọn ọmọ yín ní kíláàsì. Gbé ife omi lé òṣùwọ̀n kékeré tí ó péye, kí o sì dá a padà sí òdo. Fi òwú so owó náà, rì í sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá fi gòkè ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì kúrò ní ààyè rẹ̀. Fi iye náà pín ìwọ̀n owó náà. Fún ọmọ wa, 0.62 ni òṣùwọ̀n fi gòkè, 6.4 tí a fi 0.62 pín jẹ́ 10.3. Bàbà kò tó bẹ́ẹ̀, 8.9 ni, idẹ kéré sí bàbà, òjé ju bẹ́ẹ̀ lọ, 11.3 ni. Fàdákà tí a fi bàbà díẹ̀ pò ni ó máa ń jẹ́ 10.3. Fàdákà ni owó náà.

Nísinsìnyí ni a wá kà á. Ní ojú kan, orí ọkùnrin kan ni ó wà níbẹ̀, a fi ewé ṣe adé sí i lórí, a sì kọ ọ́ yí i ká ní èdè Látìnì pé: CAROLUS III DEI GRATIA 1781. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Charles Kẹta, nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ní ojú kejì, gbólóhùn náà ń bá a lọ: HISPAN ET IND REX, èyí ni, ọba ilẹ̀ Spéènì àti ti àwọn ilẹ̀ Indies, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní òkè òkun. Ní àárín ni apata aládé wà, tí a ya odi olódi àti kìnnìún sí. Àwọn ni àmì Castile àti León, ilẹ̀ ọba méjì tí ó wà lára àwọn tí ó di Spéènì. Ní ọ̀tún àti ní òsì apata náà, òpó kọ̀ọ̀kan dúró. Òpó méjèèjì yìí dúró fún ẹnu ọ̀nà òkun tí ó wà láàárín Spéènì àti Mòrókò, níbi tí àwọn ará àtijọ́ rò pé ayé parí sí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára wọn ni PLUS ULTRA, pé ayé kò parí síbẹ̀, ó ku iwájú.

Lẹ́yìn REX, àwọn lẹ́tà kéékèèké wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bìkítà fún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà M kan wà tí o kékeré dúró lé lórí: àmì ilé ìrọwó ìlú Mẹ́síkò nìyẹn, ilé ìrọwó tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1536. Bí ó bá ti Lima ní ilẹ̀ Perú wá ni, lẹ́tà orúkọ ìlú náà ni à bá rí tí wọ́n wé mọ́ ara wọn. Bí ó bá ti Potosí wá, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bòlífíà lónìí, P, T àti S tí wọ́n gun ara wọn ni à bá rí. Ti Guatemala jẹ́ G, lẹ́yìn náà NG. Ti Santiago ní ilẹ̀ Chile sì jẹ́ S tí o kékeré wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn M ni 2R, èyí ni réàlì méjì. Òṣùwọ̀n kò purọ́. Lẹ́yìn èyí ni F méjì. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dán fàdákà wò ní ilé ìrọwó, tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé òótọ́ ni owó náà. F méjì wà lára owó Mẹ́síkò ní ọdún 1781. Ẹ̀rí bá ẹ̀rí mu.

Kí ẹ̀yin náà lè dá irú owó bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí ẹ bá rí i, ẹ rántí pé ẹ̀yà mẹ́ta ni wọ́n. Èkínní ni èyí tí wọ́n fi òòlù lù ní ọwọ́. Kò rí roboto, etí rẹ̀ rí gánnágànna, lẹ́tà ara rẹ̀ kì í sì í pé. Irú rẹ̀ pẹ́ ní Potosí títí di ọdún 1773. Èkejì ni olópòó méjì tí kò ní orí ọba: ayé roboto méjì wà lábẹ́ adé kan láàárín òpó méjèèjì, omi òkun sì wà ní ìsàlẹ̀. Ọdún 1732 ni èyí bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́síkò, ó sì parí ní ọdún 1772. Ẹ̀kẹta ni olórí ọba, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1772 títí àwọn ilẹ̀ náà fi gba òmìnira. Potosí ni ó rọ ọ́ kẹ́yìn ní ọdún 1825. Ti ọmọ wa jẹ́ ẹ̀yà kẹta.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú, nítorí ó pọ̀ lọ́jà. Ẹni tí ó rọ ayédèrú sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ka ìwé ìtàn. Bí ẹ bá rí orúkọ Charles Kẹta pẹ̀lú ọdún 1796, ẹ bi í pé báwo ni òkú ṣe ń rọ owó, nítorí ọba náà wàjà ní oṣù December ọdún 1788. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yára dá ẹjọ́ náà jù. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìròyìn nígbà náà. Nítorí náà, ojúlówó owó ọdún 1789 wà tí orúkọ olóògbé ṣì wà lára rẹ̀. Ti ọdún 1789 àti 1790 sì wà tí orúkọ ọmọ rẹ̀, Charles Kẹrin, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ojú bàbá, nítorí pé àwòrán ọba tuntun kò tíì dé. Ẹ tún wo etí owó náà. Bí ẹ bá rí ìlà kan tí ó yí etí náà po bí ibi tí a ti lẹ nǹkan méjì pọ̀, tàbí ihò wínníwínní bí ojú àkàrà, inú àpẹrẹ ni a ti dà á, kì í ṣe ilé ìrọwó ni ó ti jáde.

Ẹnìkan yóò bèèrè pé, kí ni owó Spéènì láti Mẹ́síkò ń wá nínú oko ní Virginia? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Owó yìí ni gbogbo ayé ń ná nígbà náà. Ó dé Ṣáínà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń lu àmì tiwọn sí i lára. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira tí ó sì ṣe òfin owó tirẹ̀ ní ọdún 1792, òṣùwọ̀n pésò yìí ni wọ́n tẹ̀lé fún dọ́là wọn. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí a máa ná owó Spéènì yìí títí di ọdún 1857. Nítorí náà, owó ọjà lásán ni fún àgbẹ̀ tí ó sọ ọ́ nù. Ó lè jábọ́ nínú àpò rẹ̀ bí ó ti ń tulẹ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ nù gan-an, owó náà kò lè sọ fún wa. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀rí parí sí, kí a má baà fi ẹnu ara wa bá a parí ọ̀rọ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kejì, èyí tí ó jẹ àwọn ènìyàn lógún jù: èló ni? Ẹ̀yin ará, a kò ní tàn yín jẹ. Irú owó yìí pọ̀ káàkiri ayé, ọwọ́ sì ti pa ti ọmọ wa lára. Iye tí àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ń san lórí irú rẹ̀ lè ra oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò lè ra páànù ilé. Nígbà tí a sọ èyí fún ọmọ náà, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìdáwó tirẹ̀ ránṣẹ́ láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀, Akápò ti fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ọmọ náà kọ́gbọ́n. Òrùlé yàrá ìkàwé wa kò lè ti inú ilẹ̀ Virginia hù jáde; àpò wa ni yóò ti jáde.

Ṣé ọ̀rọ̀ owó náà wá parí síbẹ̀? Bí iye rẹ̀ nìkan ni a bá ń kà, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tí a kọ yí orí ọba ká: nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. A fẹ́ mọ ọwọ́ tí ó wa fàdákà náà jáde. Ní Potosí, òkè kan wà tí a rí fàdákà nínú rẹ̀ ní ọdún 1545. Láti ọdún 1573, aṣojú ọba Spéènì fi òfin mú àwọn onílẹ̀ láti abúlé wọn, ní tò-tẹ̀lé-ń-tò, láti lọ wa fàdákà nínú òkè náà, ọ̀pọ̀ kò sì padà dé ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ wọn. Ní ilé ìrọwó Potosí, àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú wà lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí iná. Fàdákà kan náà ni wọ́n sì fi ń san owó àwọn tí ń kó ènìyàn lọ. Ní ọdún 1713, Spéènì fún ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ẹ̀tọ́ láti máa kó ẹrú 4,800 lọ́dọọdún wọ àwọn ilẹ̀ rẹ̀ fún 30 ọdún. Fàdákà ra ènìyàn, ènìyàn sì tún lọ rọ fàdákà.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Kúbà, ìlú tí ó wà lábẹ́ Spéènì, tí fàdákà Mẹ́síkò ti ń bọ́ ìjọba rẹ̀ tipẹ́. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní Kúbà, ọ̀nà kan wà tí ẹrú fi lè ra ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Òfin ọdún 1842 sọ pé ẹrú tí ó bá lè kọ́kọ́ san pésò 50, kí ọ̀gá rẹ̀ má ṣe kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dá iye tí ó kù lé e, kí ó má lè máa pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Pésò kan jẹ́ gíráàmù 27. Pésò 50 jẹ́ gíráàmù 1,350. Fàdákà tí ó lé ní kílò kan, èyí tí ẹrú rí níbi iṣẹ́ alẹ́, níbi ẹlẹ́dẹ̀ tí ó sìn, níbi ẹ̀fọ́ tí ó tà, ìbẹ̀rẹ̀ ìdáǹdè rẹ̀ nìyẹn. Ó lè ku ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pésò. Àwọn kan san án pé. Àwọn kan nínú wọn wọ ọkọ̀, wọ́n sì padà sí Èkó. Ìran wọn wà láàárín wa títí di òní.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a dúró níwájú yín. Ìyá àgbà wa ní owó fàdákà ńlá kan, ó fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ dáadáa. Àkísà aró ni ó dì í sí, ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń rí i tí ó bá tú u wò. Ó máa ń sọ pé bàbá bàbá òun ni ó mú un ti Kúbà bọ̀, pé òun ni ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó ra ara rẹ̀ tán. Ọmọdé ni wá nígbà náà. A gbọ́ ọ, a kò fetí sí i.

Ní ọdún 1989, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ìyá àgbà wa sùn. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, ẹbí ní kí akọ̀wé ilé, èyí ni àwa, mú owó náà wò, kí a sọ ohun tí ó jẹ́ fún wọn. Owó náà dúdú. Ojú tì wá pé ohun tí ó dúdú bẹ́ẹ̀ ni a ó gbé síwájú àwọn àgbà. Ni a bá fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha á títí ó fi ń kọ mọ̀nà bíi dígí. Lẹ́tà tí ó ti fẹ́ẹ́ pa rẹ́ tẹ́lẹ̀ sì pa rẹ́ tán. Nígbà tí kò sí ohun tí a lè kà mọ́, a sọ fún ẹbí pé fàdákà lásán ni. A gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà, ó yọ́ ọ, ó sì rọ òrùka méjì fún ìgbéyàwó wa. Òrùka kan nìyí ní ìka wa. Ẹ lè wò ó. Kò sí ohun tí a kọ sí i.

A rántí òpó méjì. A rántí orí ọkùnrin kan tí imú rẹ̀ gùn. A kò rántí ọdún, a kò rántí lẹ́tà ilé ìrọwó, nítorí pé a kò kà wọ́n. Owó náà nìkan kò lè fi ìdí ìtàn ìyá àgbà wa múlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Virginia kò ti lè sọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí. Bí M àti o bá wà lára rẹ̀, à bá sọ fún àwọn ọmọ wa pé owó Mẹ́síkò ni, irú èyí tí wọ́n ń ná ní Kúbà, ìtàn náà bá ẹ̀rí rìn. Bí ọdún ara rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí ó dé lẹ́yìn ìpadàbọ̀ bàbá náà, à bá mọ̀ pé ibòmíràn ni ó ti wá, a ó sì tún ìtàn ilé wa wò. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, à bá mọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ké sí ọmọ wa ní Amẹ́ríkà pé má ṣe fọ̀ ọ́.

A kò wá ṣe ìdárò níwájú yín lásán. Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a mú wá.

Èkínní, ẹ̀yin ará ilé, ẹ tú àpótí yín wò. Ní ayé àwọn baba wa, a ná dọ́là fàdákà pẹ̀lú owó ẹyọ ní Èkó. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù sí àwọn ilé wa. Bí ẹ bá rí owó àtijọ́, ẹ má ṣe ha á, ẹ má ṣe yọ́ ọ, ẹ má sì ṣe tà á kí a tó kà á. Ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ má fi ìka nu ojú rẹ̀. Ẹ mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. A ó wọ̀n ọ́n, a ó ya àwòrán ojú rẹ̀ méjèèjì, a ó sì kọ ohun tí ẹni tí ó ni ín mọ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé kan tí ẹgbẹ́ yóò máa tọ́jú. Owó náà yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín ní ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ tà á lè tà á. A kò ní fi ìyà jẹ ẹni tí ó ní ọmọ tí yóò san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò ní bá a lọ.

Èkejì, ẹ̀yin ọmọ wa ní ìdálẹ̀ tí ẹ̀rọ yìí wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1979 kò gba ènìyàn láyè láti wú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ti tó 100 ọdún ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ láìní ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ìṣúra ọdún 1996 ní kí ẹni tí ó bá rí ìṣúra fi tó aláṣẹ létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i gan-an sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí owó tí a kò mọ ilẹ̀ rẹ̀ dà bí ọmọ tí a kò mọ ìlú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a parí yàrá ìkàwé náà. Ọmọ wa ní Virginia ti bá àgbẹ̀ náà sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà pé kí owó réàlì méjì náà wá sílé. Ó ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun mú un wá, ní dúdú bí ó ti wà, pẹ̀lú ìwé kékeré tí ó kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i sí. A kò tíì ní àpótí onídígí tí a ó gbé e sí, a kò sì tíì ní òrùlé lórí àpótí náà. Ọ̀rọ̀ Akápò nìyẹn. Yóò dìde lẹ́yìn wa.

Ní ti òrùka ọwọ́ wa, a ti pinnu pé òun náà yóò wọ inú àpótí yẹn ní ọjọ́ tí a bá ṣí i. A ó fi ìwé kan tì í tí yóò sọ ohun tí ó jẹ́ rí àti ẹni tí ó ha á, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lè fi méjèèjì wé ara wọn: owó dúdú tí ń sọ̀rọ̀, àti fàdákà dídán tí kò ní ohùn.

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pàdé ní ọdún tí ń bọ̀ lábẹ́ òrùlé náà. Ìlú wa kò ní bàjẹ́ o.